Ilé Ọtí Èkó, Pálọ̀ Ẹni Tí Kò Ní Pálọ̀

Bíà pálọ̀ ni orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ fún ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí ìgò ní àwọn àdúgbò Èkó. Àwọn ọ̀dọ́ a máa pè é ní jọ́ìntì. Àwọn àgbà mìíràn ṣì ń pè é ní òtẹ́ẹ̀lì, bí kò tilẹ̀ ní yàrá kan ṣoṣo tí àlejò lè sùn sí. Nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíà pálọ̀ ló sọ òtítọ́ ibẹ̀ jù lọ, pálọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló sì yẹ kí á fara balẹ̀ wò. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ní Muṣin, Agége tàbí Ajégúnlẹ̀ mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń háyà, nínú ilé gbọọrọ tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ sì jẹ́ ti gbogbo ayálégbé. Bẹ́ẹ̀dì ti gba ìdajì yàrá, àpótí aṣọ àti ìkòkò gba ìyókù. Bí ọ̀rẹ́ bá wá kí bàálé irú ilé bẹ́ẹ̀ lálẹ́, níbo ni yóò mú un jókòó? Yóò wọ bàtà rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì jọ rìn lọ sí ojú títì, níbi tí àga wà. Ìdí tí mo fi ń pe ilé ọtí ní pálọ̀ ẹni tí kò ní pálọ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí ni mo fẹ́ fi ṣe àtùpà, kí n fi ṣàpèjúwe bí Èkó ṣe ń lo òru rẹ̀.

Ẹni tó bá gba ojú títì kọjá lọ́sàn-án lè má mọ̀ pé ilé ọtí wà níbẹ̀. Yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, àwọn kérétì tí wọ́n tò léra wọn, àti ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà ilé iṣẹ́ ọtí kùn. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ibẹ̀ ń jí. Ọmọbìnrin kan yóò gbá iwájú ilé, yóò wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde, yóò sì kó àga rọ́bà jáde ní mẹ́rin-mẹ́rin yí tábìlì ká. Agboòrùn ńlá yóò dúró láàárín, orúkọ ọtí lára rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni jẹnẹrétọ̀ ń wà, nítorí pé iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé, ọtí tí kò bá sì tutù kò níye lórí ní Èkó. Ọlọ́tí tó mọ iṣẹ́ a máa ra yìnyín sílẹ̀ láti ọ̀sán, kí àìsí iná má baà dójú tì í. Tó bá fi máa di aago méje, gílóòbù aláwọ̀ pupa àti ti búlúù ti tàn, òórùn ata àti efinrin ti ń jáde láti ilé ìdáná, ẹ̀rọ orin sì ti ń dún.

Ìlànà wà fún bí wọ́n ṣe ń gbé ọtí síwájú ènìyàn, àlejò tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè rò pé àṣejù ni. Ojú oníbàárà ni wọ́n ti ń ṣí ìgò. Òun yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kan án láti mọ bó ṣe tutù tó, ọmọ tó gbé e wá yóò bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣí i?”, ìgbà tó bá dáhùn ni ìdérí yóò tó fò. Wọ́n ń ṣe èyí kó lè dá a lójú pé ẹnikẹ́ni kò fi nǹkan kan sí i. Bákan náà, wọn kì í kó ìgò òfìfo kúrò nídìí tábìlì títí wọn yóò fi ṣírò owó. Ìgò wọ̀nyí ni ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ láàárín oníbàárà àti ọmọ ọlọ́tí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀, wọn yóò ka ìgò, ọ̀rọ̀ yóò sì parí.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí wọ́n ń tà gan-an. Ìgò bíà kan ní ilé ọtí wọ́n ju ìgò kan náà tí wọ́n rà ní ọjà lọ, kò sì sí oníbàárà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èlé yẹn ni owó ìjókòó. Ẹni tó ra ìgò kan lè lo wákàtí mẹ́ta lórí àga láìsí ẹni tí yóò lé e, kó wo bọ́ọ̀lù àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣàn, kó gbọ́ ìròyìn ìjọba, kó bá ẹni tó mọ̀ nípa ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ń dá àjọ nídìí tábìlì ọtí, mo sì ti rí àwọn ọmọ ìlú kan náà tí wọ́n ń ṣe ìpàdé oṣooṣù wọn níbẹ̀ nítorí pé owó gbọ̀ngàn ju agbára wọn lọ. Èmi fúnra mi kì í mu ọtí líle. Mọ́ọ̀tì ni mo máa ń rà, kò sì sí ẹni tó fojú burúkú wò mí rí, nítorí pé mo san owó àga mi.

Oúnjẹ ilé ọtí yẹ fún àlàyé tirẹ̀. Pẹ́pẹ̀súùpù ló ṣáájú: omi ọbẹ̀ tó mọ́ gaara, tó ta lẹ́nu, tí ẹran ewúrẹ́ tàbí ẹja wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹja àrọ̀ ni, oníbàárà lè dìde lọ sídìí àgbá omi, kó nàka sí èyí tó wù ú láàyè, kí wọ́n sì pa á lójú rẹ̀. Láti ìhà Oǹdó àti Èkìtì ni àsun ti wá, ìyẹn ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n sun lórí iná kí wọ́n tó fi ata àti àlùbọ́sà yí i. Àwọn Igbo ló mú isi ewu wá, ìyẹn orí ewúrẹ́ tí wọ́n fi epo pupa sè. Ṣùgbọ́n súyà ló yà mí lẹ́nu jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Àbókí tó ń sun ún kì í ṣe òṣìṣẹ́ ọlọ́tí. Ó gba ààyè díẹ̀ níwájú ilé náà, ó da iná sílẹ̀, ó sì to igi ẹran tó ti fi yájì pa yí iná ká. Mùsùlùmí ni lọ́pọ̀ ìgbà, ọtí kì í kan ẹnu rẹ̀, síbẹ̀ òun àti ọlọ́tí ń jẹun lára ara wọn: súyà ń mú òùngbẹ wá, ìgò ń pe súyà, bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà kò sì ní tètè dìde.

Ìtàn ìjókòó yìí pẹ́. Kí ọtí ìgò tó gbòde, ẹmu ni ọtí ìkórajọ láàárín Yorùbá: akèrègbè lábẹ́ igi, ife igbá lọ́wọ́, ọpọ́n ayò nílẹ̀. Nígbà tí Èkó di ìlú oníwọ́fíìsì àti olókọ̀ ojú omi, ìkórajọ náà bá a yí padà. Ní Olówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ní Erékùṣù Èkó, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni àwọn ọ̀dọ́ kan ń lò fún ìpéjọ, tí wọ́n ti ń mutí tí wọ́n sì ti ń kọrin. Láàárín irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Túndé King, tí wọ́n bí ní ọdún 1910, ti di olórin. Ní ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Parlophone gba orin jùjú rẹ̀ sínú àwo. Ó dára kí ẹni tó ń jó jùjú nílé ìgbéyàwó lónìí mọ̀ pé láàárín irin ọkọ̀ àti epo dúdú ni wọ́n ti tọ́ orin náà dàgbà.

Ọ̀nà òkun ni bíà inú ìgò ń gbà wọlé nígbà yẹn. Ní ọdún 1946 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Ìgànmú ní ọdún 1949. Guinness náà wá kọ́ tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní ọdún 1962. Àsìkò tí ọtí ìgò di ohun tí akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè rà yìí gan-an ni orin háíláìfù ń ti Gánà bọ̀. E. T. Mensah àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Tempos, bẹ̀rẹ̀ sí wá ṣeré ní Nàìjíríà láti nǹkan bí ọdún 1950, àwọn olórin Èkó sì tẹ́tí sí wọn dáadáa. Láìpẹ́, òtẹ́ẹ̀lì tí kò bá ní ẹgbẹ́ olórin tirẹ̀ kò lè bá àwọn yòókù dọ́gba.

Ẹni tó yẹ kí á dúró lé lórí níhìn-ín ni Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú, tí wọ́n bí ní ọdún 1922. Eré orí ìtàgé àti orin ló jọ ń ṣe láti ọdún 1947, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ nípa ìjókòó ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ó kọ́ Caban Bamboo sí ojú Ìkòròdú Road, ibi tí a ti lè jẹun, kí á mutí, kí á sì jó, ó sì wá sọ ọ́ di Hotel Bobby nígbà tó yá. Ìyàtọ̀ tó wà nínú èyí kò kéré. Ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà ló ń ṣe òṣìṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì. Fèrè àti ìlù tí wọ́n ń lò lè máà jẹ́ tiwọn, bí wọ́n bá sì bá ọ̀gá jà, ọwọ́ òfìfo ni wọn yóò fi jáde. Olórin tó ní ilé tirẹ̀ ló ni ohùn ara rẹ̀. Abẹ́ Bobby Benson ni Roy Chicago, Rex Lawson àti Victor Uwaifo gbà kọjá kí wọ́n tó di gbajúmọ̀. Roy Chicago yìí ló wá fi ìlù gángan sínú háíláìfù, tí fèrè òyìnbó àti ìlù Yorùbá fi ń dá ara wọn lóhùn. Victor Ọláìyá pẹ̀lú tọ ipa Bobby Benson, ó ní Stadium Hotel ní Surulérè, ó sì ń fọn fèrè rẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ẹgbẹ́ Ọláìyá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fẹlá ti kọrin kí ó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Bí a bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ orin Nàìjíríà ní ìgbà náà, àárín tábìlì ọtí ni a ó ti rí i.

Rògbòdìyàn ọdún 1966 àti ogun abẹ́lé tó tẹ̀lé e tú ilé ẹ̀kọ́ yẹn ká. Ọ̀pọ̀ olórin tó wá láti ìhà Ìlà-Oòrùn padà sílé wọn, háíláìfù dákẹ́ ní ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì, jùjú sì gba àga tó ṣófo. Nínú àwọn olórin jùjú, Ebenezer Obey ní ilé ìgbafẹ́ tirẹ̀, Míliki Spot. Sunny Adé ní ilé Àríyá ní Jíbówú, ní Yábàá. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ àwo wọn nílé a máa lọ síbẹ̀ láti fojú rí wọn. Orin Mùsùlùmí náà ní òru tirẹ̀ ní ìlú kan náà, tí kò sí ọtí nínú rẹ̀: wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn ènìyàn fún sààrì nínú ààwẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister sọ di fújì. Mo mẹ́nu bà á kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọtí nìkan ló ń mú Èkó ṣàìsùn.

Fẹlá ló lo ìjókòó yìí lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó rí. Ó kọ́kọ́ ń ṣeré ní kíláàbù Kakadu ní Yábàá, ó sì sọ ibẹ̀ ní Afro-Spot. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Empire Hotel ní Ìdí-Òro, ó sì sọ ọ́ ní Afrika Shrine. Ní alẹ́ Ẹtì, tí wọ́n ń pè ní Yabis, ó máa ń dá orin dúró, kó bá èrò sọ̀rọ̀ nípa ìjọba, kí wọ́n dá a lóhùn, kó tún fèsì. Ilé ọtí wá di ilé ìgbìmọ̀. Ìjọba ológun kò fẹ́ràn rẹ̀: ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun sun ilé rẹ̀, Kalakuta. Shrine dìde lẹ́ẹ̀kan sí i ní òpópónà Pepple ní Ìkẹjà, Fẹlá sì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997. Ní ọdún 2000, Yẹni àti Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ ṣí New Afrika Shrine ní Agídíngbí. Gbọ̀ngàn gbàràmù-gbaramu kan ni, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ọ́ láti gbogbo ìhà, akẹ́kọ̀ọ́, awakọ̀ àti àlejò láti òkè òkun sì ń jókòó nítòsí ara wọn. Oṣù Kẹwàá ọdọọdún, tí í ṣe oṣù ìbí Fẹlá, ni wọ́n ń ṣe Felabration níbẹ̀.

Ibòmíràn tí mo máa ń mú àlejò lọ ni Freedom Park ní Broad Street. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń so ẹni tí wọ́n dájọ́ ikú fún kọ́ ni ìtàgé orin wà báyìí. Ènìyàn lè ra súyà àti ọtí, kó jókòó lábẹ́ igi, kó gbọ́ gìtá. Mi ò mọ ìlò tó sàn ju èyí lọ tí a lè fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ní Victoria Island àti Lẹ́kí, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà ta ìjókòó. Àwọn kíláàbù ibẹ̀, bíi Quilox tí Shina Peller, ọmọ onídán tí gbogbo wa mọ̀ sí Professor Peller, ṣí ní ọdún 2013, kì í jí kí ó tó di ọ̀gànjọ́. Àwọn géńdé báńsà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo aṣọ àti bàtà. Tábìlì ni wọ́n ń gbà sílẹ̀ níbẹ̀, owó tábìlì kan sì lè tó owó ilé ọdún kan ní àdúgbò tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Bí olówó bá ra ọtí, àwọn ọmọbìnrin yóò tò tẹ̀léra wọn, ìgò lókè orí, iná tó ń ta ràì-ràì lẹ́nu ìgò, kí gbogbo ilé lè mọ ẹni tó rà á. Àwọn kan ń sọ pé àṣà òkèèrè ni. Èmi rí ìnáwó òwàmbẹ̀ nínú rẹ̀, níbi tí a ti ń lẹ owó mọ́ olórin lórí kí wọ́n lè ki wa. Àléébù tí mo rí ni pé kò sí ẹni tó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ariwo ti borí ohùn.

Àwọn òṣìṣẹ́ òru pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Yàtọ̀ sí ọlọ́tí, DJ àti báńsà, a rí ẹni tó ń já kérétì láti orí ọkọ̀, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, obìnrin tó gbé igbá sìgá àti súìtì, ọmọkùnrin tó ń júwe ibi tí ọkọ̀ yóò dúró, awakọ̀ tó ń dúró de àwọn tó fẹ́ lọ sílé, àti onítíì tó ń fi ẹyin din Indomie fún gbogbo wọn. Obìnrin ló ni èyí tó pọ̀ nínú bíà pálọ̀ tí mo mọ̀. Ọ̀kan wà ní àdúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ kú, tó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún un. Orí kérétì mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, owó ibẹ̀ náà ló sì fi rán àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi jáde ilé ìwé. Àwọn oníbàárà tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí ń pè é ní Màdáàmù, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá, ojú tí yóò fi wò ó ti tó. Ìjọba náà ń rí tirẹ̀: ní ọdún 2009 ni wọ́n ṣe òfin ní Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ máa gba owó orí náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún.

Mi ò ní fi àléébù ilé ọtí pa mọ́. Ariwo ẹ̀rọ orin kì í jẹ́ kí aláìsàn àti ọmọ ìkókó sùn, àjọ tó ń mójú tó àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti ti ọ̀pọ̀ ilé pa nítorí rẹ̀. Páràgà, ìyẹn ọtí líle tí wọ́n po mọ́ egbòogi, tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀ burú ju ọtí ilé ọtí lọ, nítorí pé ìdúró ni awakọ̀ ń mu ún kí ó tó gun ọkọ̀. Kò sí ìjókòó, kò sí ọ̀rẹ́ tí yóò sọ fún un pé ó tó. Ẹni tó bá sì wa ọkọ̀ lẹ́yìn tó mu ọtí ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn wewu, kò sí àwíjàre kankan fún un.

Ohun tó fi hàn mí kedere pé ìjókòó ni Èkó ń rà ni ọdún 2020. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba ní kí ìlú ó jókòó sílé, gbogbo ilé ọtí sì tì. A ṣì lè rí ìgò rà ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta oúnjẹ. Síbẹ̀, àwọn ọkùnrin àdúgbò wa ń dúró sójú ilé lálẹ́, ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wo ibi tí àga máa ń wà. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i, mo rí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó wọ aṣọ àlàárì wá sí bíà pálọ̀. Mínírà kan ló rà, ó sì jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní alẹ́ gbogbo, àwọn oníbàárà tí ilé wọn jìnnà kì í tètè dìde. Wọn a máa dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, nítorí pé ọ̀nà kò dára lóru. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí, wọn yóò pa jẹnẹrétọ̀, ìdákẹ́jẹ́ yóò sì dé lójijì, a óò wá gbọ́ àkùkọ àti ìpè àdúrà. Ọmọbìnrin tó gbé ọtí yóò ka ìgò òfìfo sínú kérétì. Bí méjì bá dín, yóò wá wọn lábẹ́ àga àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà títí yóò fi rí wọn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni Màdáàmù yóò ti béèrè. Yóò to àga léra wọn wọ inú ilé. Ìgbà yẹn ni alákàrà máa ń dé pẹ̀lú agbada àti igi ìdáná rẹ̀, torí pé òun ló ni iwájú ilé náà láàárọ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà,” ni ọmọbìnrin náà yóò wí, yóò kúnlẹ̀ díẹ̀, yóò sì yọ àga kan sílẹ̀ fún un.